"Ṣé kì í ṣí?": àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá ọ̀rọ̀ ìṣàwárí fún fídíò aláró kan ní Ìtòkú

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ ìṣàwárí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ sínú Google tàbí YouTube nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan, tí mo fẹ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí wá sọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá aláró kan tí ìsọ̀ wọn wà ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìdí aró ni wọ́n bí ìyá náà sí. Ìyá wọn ló fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà ṣe fi lé ìyá wọn lọ́wọ́. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣí ìkànnì YouTube fún wọn, fídíò mẹ́rìnlá ló sì ti wà níbẹ̀ kí ó tó pè mí. Ẹjọ́ tí ó rò fún mi kò gùn. Ó ní gbogbo ẹni tí ó ń wo àwọn fídíò náà ni àwọn mọ̀ lórúkọ: ẹbí, ará ìjọ, àti àwọn tí wọ́n fi ìlínkì ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, tí ojú ń tì láti má ṣí i. Àjèjì kan kò tíì ti orí Google tàbí orí YouTube wá ra yáàdì kan lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ti sanwó fún ẹnì kan ṣáájú mi, ẹni tí ó ṣèlérí pé fídíò wọn yóò wà ní ipò kìíní láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wo iṣẹ́ tí ó ṣe. Gbogbo àyè tí YouTube fi sílẹ̀ fún tags (àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń so mọ́ fídíò láti ẹ̀yìn), ìyẹn àyè lẹ́tà 500, ló kún dẹ́múdẹ́mú fún "adire", "fashion", "wedding", "asoebi", orúkọ àwọn olórin tó gbajúmọ̀, àti orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí n kò mọ ohun tó pa á pọ̀ mọ́ aró. Ó wà nínú ìtọ́sọ́nà tí YouTube fúnra rẹ̀ kọ fún àwọn tó ń lò ó pé tags kò fi bẹ́ẹ̀ ní ipa nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí fídíò, àyàfi tí ohun tí fídíò dá lé lórí bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì kọ. Owó ìyá aláró ti bá omi lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ibi tí YouTube Studio, irinṣẹ́ tí oníkànnì fi ń bójú tó fídíò rẹ̀, ti ń fi hàn bí àwọn awòran ṣe dé ìdí fídíò. Àwọn tí ó ti ìta wá ló gba iwájú, WhatsApp ló sì pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ìlà àwọn tí ó ti inú ìṣàwárí YouTube wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí mo ṣí ìlà náà láti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn díẹ̀ yẹn tẹ̀ kí wọ́n tó rí fídíò, orúkọ ìsọ̀ náà gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń wá wọn. Àkọlé àwọn fídíò náà sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀: "New Arrival 5", "Quality Adire For Your Owambe", "Ẹ wá wo ọjà wa". Ìpolówó ẹni tó ń kiri ọjà ní àdúgbò ni irú àkọlé yìí, ó dára fún ẹni tí etí rẹ̀ ti wà nítòsí. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ n'Íbàdàn, tó fẹ́ mọ nǹkan kan nípa àdìrẹ, kò ní tẹ "New Arrival 5" láéláé.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà pé ìṣàwárí tọ́ sí ìyọnu náà. Ní ọdún 2006 ni Google ra YouTube ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 650 dọ́là. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2007, Google bẹ̀rẹ̀ sí í da fídíò, àwòrán àti ìròyìn pọ̀ mọ́ àwọn ojú ewé tí ó ń kó jáde nínú àbájáde kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, ẹni tó bi Google ní ìbéèrè lè bá fídíò pàdé láìjẹ́ pé fídíò ló ń wá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni Google ń fi fídíò dáhùn. Ẹni tó bá tẹ "adire shop Abeokuta", máàpù àti orúkọ ìsọ̀ ni yóò rí. Ẹni tó bá béèrè bí a ṣe ń ṣe nǹkan, fídíò sábà máa ń jókòó sókè níbẹ̀. Nítorí náà, kí n tó gba ọ̀rọ̀ kan wọlé, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú Google fúnra mi kí n lè rí i bóyá fídíò wà nínú ohun tí ó kó jáde. Bí fídíò kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè dára fún ojú ewé ìkọ̀wé, kò tíì dára fún fídíò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń fo ibí yìí kọjá, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí èmi náà ti ṣe àṣìṣe ni pé mo sáré lọ sídìí irinṣẹ́. Mo ṣí Keyword Planner, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn olùpolówó ọjà kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wá ọ̀rọ̀ kan lóṣù, mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ àdìrẹ tí ó wá sí mi lọ́kàn sínú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù. Àléébù irinṣẹ́ náà kò pa mọ́. Ẹni tí kò bá ń náwó lórí ìpolówó, àlàfo gbọọrọ ni ó máa ń fún un, irú bíi láti 100 dé 1,000. Ọ̀rọ̀ tó wà ní 110 àti ọ̀rọ̀ tó wà ní 900 a sì wọ aṣọ kan náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lórí Google ló ń kà, kò ka ti YouTube mọ́ ọn. Google Trends, tí ó ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń gbóná tàbí tutù láti ìgbà dé ìgbà, sàn díẹ̀ níbi èyí, nítorí ó fàyè sílẹ̀ kí èèyàn yan ìṣàwárí YouTube nìkan, láti ọdún 2008 títí di òní. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n 0 sí 100 ni ó ń lò, 100 yẹn kì í sì í ṣe iye ènìyàn: ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù lọ láàrin àkókò tí a yàn ni ó ń pè ní 100.

Mo tẹ "adire" sínú Trends, mo sì fi gbogbo ayé ṣe agbègbè. Itálì yọ jáde. Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀ pé àwọn ará Itálì ti ń wá aṣọ wa, kí n tó rí i pé "adire" jẹ́ ọ̀rọ̀ nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà, tí wọ́n ń lò fún gbígbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Mo yí agbègbè sí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Èkejì wá le ju èyí lọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníbàárà, pàápàá àwọn tó ń ti Èkó wá, aṣọ aláràbarà tí a fi àbẹ́là tàbí okùn ṣe, kampala ni orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn kò pe àdìrẹ rí láyé rẹ̀. Bí a bá wá tẹ "kampala" lásán, olú ìlú Uganda ni ẹ̀rọ ìṣàwárí yóò gbé fún wa, pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì, ojú ọjọ́ àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu, kò sì wúlò. Abala kejì gbólóhùn yẹn kò tọ̀nà, bí yóò ṣe hàn níwájú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo ti ń to ọ̀rọ̀, mo wo ohun tí mo kọ, mo sì rí i pé èmi ni mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ orúkọ ọjà: "adire fabric", "adire styles", "adire eleko". Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo mú ìwé pélébé kan, mo sì lọ jókòó sí ìsọ̀ ìyá aláró.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ yà wọlé, ó fa aṣọ aláró dúdú kan jáde láàrin àwọn tí wọ́n tò sórí pákó. Kò wo ọnà tó wà lára rẹ̀. Ó fi ìka ìlábẹ̀ kan itọ́, ó fi ìka náà ra etí aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ìka náà sójú oòrùn, ó ń wò ó bóyá aró ti bọ́ sí i.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ṣé kì í ṣí?"

"Kì í ṣí."

"Ohun tí ẹni tó ta ti àkọ́kọ́ fún mi sọ náà nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúnàádúrà, obìnrin náà sì ra yáàdì márùn-ún. Kí ó tó lọ, ó tún bèèrè bí òun yóò ṣe fọ̀ ọ́. Ìyá aláró ṣàlàyé fún un lórí ìdúró, pẹ̀lú ọwọ́, bí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà láràárọ̀ láti ogún ọdún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta náà fi pé, "Èló ni?" ló pọ̀ jù nínú ìwé mi, èyí tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu; ṣùgbọ́n fídíò tó bá sọ iye owó yóò ti di irọ́ kí oṣù méjì tó pé, bí owó ọjà ṣe ń lọ sókè yìí, nítorí náà mo fi í sílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Ṣé kì í ṣí?" àti ọmọ ìyá rẹ̀, "Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?" Lẹ́yìn wọn ni "Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àbí ti ẹ̀rọ ni?", nítorí àwọn aṣọ tí ilé iṣẹ́ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára ti kún ọjà, àti "Yáàdì mélòó ló máa tó mi rán bùbá àti ìró?" Mo padà wo àwọn fídíò mẹ́rìnlá náà. Kò sí èyí tó dáhùn ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ìbéèrè yìí. Ẹwà ọjà ni gbogbo wọn ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú ìsọ̀ gan-an, ẹni tó fẹ́ ra ọjà kì í bèèrè ẹwà, ojú rẹ̀ ti rí ìyẹn.

Ìgbà yìí ni mo tó padà sídìí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ni mo mú lọ. Mo ṣí ojú fèrèsé àdáni tí kò ní rántí ohun tí mo ti wá tẹ́lẹ̀, mo tẹ "how to wash ad" sínú YouTube díẹ̀díẹ̀, mo dúró wo àwọn àbá tí ó ń mú wá, mo sì ṣe bákan náà lórí Google. Àwọn àbá wọ̀nyí kì í sọ iye ènìyàn, wọ́n sì máa ń yí padà láti ibùgbé dé ibùgbé. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa wọn ni pé inú ohun tí àwọn ènìyàn ti tẹ̀ rí ni ẹ̀rọ náà ti ń mú wọn, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òǹtajà kan ronú kàn. Mo tún rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Yorùbá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ "ṣí" parí ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá lórí ibi tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń gbé. Ará Nàìjíríà yóò kọ "fade" tàbí "wash off". Ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọwọ́ rán aṣọ yóò kọ "bleed". Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé Nàìjíríà ni ìyá aláró ń tajà sí, "fade" ni mo mú fún àkọlé, mo sì fi "bleed" sínú àpèjúwe lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo ro pé iṣẹ́ ti parí. N kò tíì bá ẹni tó ni ọjà sọ̀rọ̀.

Ìyá aláró gbọ́ mi títí dé òpin, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi sọ fún aráyé pé aṣọ mi ń ṣí?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Bí wọ́n á ṣe fọ̀ ọ́ tí kò fi ní ṣí lẹ máa sọ."

"Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá ń kọ́ èèyàn bí a ti í bọ́ lọ́wọ́ ejò, ó ti sọ pé ejò wà nílé."

N kò rí ohun fèsì. Ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ẹ̀rù àìnídìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣí aró ti dá wàhálà sílẹ̀ rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1936, nígbà tí ìráhùn pọ̀ pé aró Abẹ́òkúta kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó, àwọn obìnrin aláró sì gbógun ti òfin náà nítorí pé oúnjẹ ẹnu wọn ni. Ẹni tó bá ti ìdílé aró wá kì í fi "ó ń ṣí" ṣeré. Ní ti èmi, tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà bí ìlà kan nínú tábìlì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń wá jù lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà kò fẹ́ gbọ́ rárá.

Ọmọ wọn ló tú u. Ó ní, "Màámi, ọjọ́ wo ni ẹnikẹ́ni wọ ìsọ̀ yìí tí kò bi yín?" Wọn kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n dìde, wọ́n ní kí wọ́n gbé bàsíà wá, kí wọ́n sì pọn omi tútù sí i. Wọ́n mú aṣọ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Omi àkọ́kọ́ dú bí omi àjẹkù aró. Wọ́n dà á nù. Èkejì dà bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kẹta bí omi tí wọ́n fi fọ gègé ìkọ̀wé, ẹ̀kẹrin sì mọ́ débi pé a rí òdòdó tí wọ́n kùn sí ìsàlẹ̀ bàsíà náà. Wọ́n gbé aṣọ náà sókè: kò ṣí rárá.

Wọ́n ní, "Aró tí kò ríbi jókòó ló ń jáde yẹn. Èyí tó ti wọnú òwú, kò síbi tó ń lọ. Àwọn tó ń da omi gbígbóná àti ọṣẹ líle sí i láti ọjọ́ kìíní, àwọn ni wọ́n ń lé èyí tó ti jókòó dìde."

Fídíò náà nìyẹn. A kò yí nǹkan kan padà nínú ohun tí wọ́n ṣe, àfi pé a tún un ṣe lọ́jọ́ kejì níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Àkọlé tí a fún un ni "How to Wash Adire So It Won't Fade | Bí a ṣe ń fọ àdìrẹ". YouTube fàyè gba lẹ́tà 100, ṣùgbọ́n ojú fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí orúkọ ìsọ̀ má sì sí nínú àkọlé rárá. Ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn gba àkókò. Lórí fóònù, àwọn tó ń wá nǹkan lédè Yorùbá kì í sábà fi àmì sí i. "Bi a se n fo adire" ni wọ́n máa tẹ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà bíi "ọ́" tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lè wà nínú kọ̀ǹpútà ní ìrísí tó ju ọ̀kan lọ, kí ojú ènìyàn má mọ̀ ìyàtọ̀, kí ẹ̀rọ sì mọ̀ ọ́n. N kò fẹ́ kí ìkànnì aláró Ẹ̀gbá máa kọ Yorùbá bí ẹni tí kò lọ iléèwé. A kọ ọ́ tàmì-tàmì nínú àkọlé, a sì kó àwọn tí kò ní àmì àti àwọn tí a máa ń ṣì kọ sínú tags, marùn-ún péré, nítorí ohun kan ṣoṣo tí YouTube ní tags wúlò fún náà nìyẹn.

Nínú àpèjúwe, gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè náà ní ṣókí. Lẹ́yìn wọn ni a to ìpín fídíò pẹ̀lú àkókò wọn. YouTube fẹ́ kí ìpín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0:00, kí wọ́n tó mẹ́ta ó kéré tán, kí ìpín kọ̀ọ̀kan má sì dín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Omi àkọ́kọ́, omi kẹrin, ọṣẹ, sísá sí ibòji. Àǹfààní rẹ̀ ni pé Google lè gbé ìpín kan jáde nínú àbájáde, kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ọṣẹ nìkan bọ́ sórí ọṣẹ tààrà. Ọmọ ìyá aláró tẹ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fídíò fúnra rẹ̀ nítorí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn kan máa ń ní kí èèyàn tún orúkọ fáìlì kọ kí ó tó gbé e sókè. A ṣe é, kò ná wa ní nǹkan kan, n kò sì gbọ́kàn lé e.

A jà díẹ̀ lórí ìkíni. Nínú àwọn fídíò àtijọ́, ìyá aláró máa ń kí àwọn awòran fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìlà tó ń fi bí awòran ṣe ń dúró hàn sì ń já wálẹ̀ níbẹ̀ bí òkúta. Láti ọdún 2012 ni YouTube ti gbé àkókò tí ènìyàn fi wo fídíò ga ju iye ìgbà tí wọ́n ṣí i lọ, nítorí náà awòran tó sá nítorí ìkíni ń fa fídíò náà sẹ́yìn. Wọn kò gbà. Wọ́n ní èèyàn kì í wọlé kó má kí'ni. A wá fi ìbéèrè náà síwájú, wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ wọn nínú omi, ìkíni sì tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kan.

Wọ́n ní ojú òpó kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ṣe fún wọn, gbogbo fídíò mẹ́rìnlá ló sì wà lójú ewé kan ṣoṣo níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, abala fídíò nínú Google kì í fi ojú ewé hàn mọ́ àyàfi tí fídíò bá jẹ́ olórí ohun tó wà lójú ewé náà. A ṣe ojú ewé tirẹ̀ fún fídíò yìí, òun ló wà lókè, a sì fi àkọsílẹ̀ VideoObject, èyí tí ẹ̀rọ Google ń kà láti mọ ohun tí fídíò jẹ́, sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, àwòrán iwájú àti ọjọ́ tí a gbé e jáde, nítorí àwọn mẹ́ta yẹn ni Google sọ di dandan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mú nǹkan kan wá, ọmọ ìyá aláró sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lálaalẹ́. Ní oṣù kejì, fún fídíò yìí nìkan, ìlà ìṣàwárí kọjá ìlà WhatsApp. Mo ṣí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀. "How to wash adire" ló wà lókè, "adire fading" tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ló mú mi jókòó dáadáa: "how to wash kampala". N kò kọ kampala sínú àkọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá aláró pè é nínú ọ̀rọ̀ wọn tí ọmọ wọn sì kọ ọ́ sínú ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ pé kò wúlò padà wá nítorí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ń fọ olú ìlú Uganda. Gbàrà tí "wash" bá ti dúró tì í, aṣọ ni, ẹ̀rọ náà sì mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo fi gbólóhùn kan nípa kampala kún àpèjúwe. Ọ̀kan nínú àwọn fídíò mẹ́rìnlá àtijọ́, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Kampala 2 Yards", ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí, kò sẹ́ni tó yà síbẹ̀.

Ní ti títà, n kò lè sọ pé ìsọ̀ náà di ọ̀tọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wo fídíò ìfọṣọ ti ra aṣọ tiwọn níbòmíràn, ìbéèrè ni wọ́n mú wá, kì í ṣe owó. Ẹnì kan tilẹ̀ fi àwòrán aṣọ tó ti ṣí pátápátá ránṣẹ́, ó ń bi ìyá aláró bóyá wọ́n lè gbà á là. Àwọn díẹ̀ ló bèèrè bóyá aṣọ tó wà nínú bàsíà náà ṣì wà fún títà. Ó wà nígbà yẹn. Fídíò kejì tí a ṣe dá lórí bí èèyàn ṣe lè mọ àdìrẹ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, ó sì rọrùn jù nítorí ìyá aláró kò bá wa jiyàn lórí rẹ̀ rárá. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa ti sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà tí mo lọ gba ìyókù owó iṣẹ́ mi, mo gbé àtòjọ tuntun dání. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni "adire that does not fade" wà, ọ̀rọ̀ tó mọ́, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti múra láti rajà, tí n kò sì rí fídíò kankan tó dáhùn rẹ̀. Mo kà á fún ìyá aláró, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ní, "Aṣọ tí kò ní ṣí láéláé? Mi ò ní in. Ẹni tó bá ní in, kó ṣe fídíò rẹ̀."

Wọ́n padà sídìí ìkòkò aró. Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé mi, n kò sì pa á rẹ́.